Orúkọ Àwọn Òkè Kékeré ní Ilẹ̀ Wales, àti Bí A Ti Ń Yàn Wọ́n



Púpọ̀ nínú wa ni ó ti gbọ́ ìtàn Mary Jones ní Ilé-Ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi: ọmọbìnrin ilẹ̀ Wales tí ó fi owó díẹ̀díẹ̀ pamọ́ fún ọdún púpọ̀, tí ó sì fi ẹsẹ̀ rìn ní ọdún 1800 láti abúlé rẹ̀ dé ìlú Bala, ìrìn nǹkan bí máìlì 25, kí ó lè ra Bíbélì ní èdè abínibí rẹ̀ lọ́wọ́ àlùfáà Thomas Charles. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, ní 1804, ni a dá Ẹgbẹ́ Bíbélì sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹgbẹ́ kan náà tí ó tẹ Bíbélì tí Bíṣọ́ọ̀bù Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ túmọ̀ sí èdè wa. Nípa bẹ́ẹ̀ gbèsè wà lọ́rùn wa sí ilẹ̀ Wales, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé díẹ̀ nínú wa ni yóò fi ojú rí i.

Ṣùgbọ́n àwọn tí ń sọ ìtàn náà kì í sábà dúró lórí ibi tí ọmọbìnrin náà ti gbéra. Orúkọ abúlé rẹ̀ ni Llanfihangel-y-Pennant, èyí tí í ṣe “Ìjọ Máíkẹ́lì Mímọ́ ní orí àfonífojì.” Òkè ńlá tí ó dúró lẹ́yìn abúlé náà ni Cadair Idris, “Àga Idris,” nítorí àwọn àgbà ibẹ̀ a máa sọ pé òmìrán kan tí ń jẹ́ Idris ni ó ń fi orí òkè náà ṣe ìjókòó. Láti ibẹ̀ dé Bala, àwọn òkè mìíràn wà lọ́tùn-ún àti lósì ọ̀nà, ńlá àti kékeré, olúkúlùkù pẹ̀lú orúkọ ní èdè náà gan-an tí ọmọbìnrin náà fẹ́ fi ka ọ̀rọ̀ Ọlọ́run.

Àwọn òkè wọ̀nyẹn, pàápàá àwọn kékeré inú wọn, ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Ta ni a béèrè orúkọ wọn lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí a fẹ́ kọ ọ́ sínú ìwé? Ta ni a kò béèrè lọ́wọ́ rẹ̀? Ọ̀nà wo sì ni àwọn tí ń wọn òkè, tí wọ́n sì ń ṣe àkójọ wọn lóde òní, fi ń yan orúkọ tí wọn yóò kọ? Bí ọ̀rọ̀ yìí bá dà bí ohun kékeré létí ẹnikẹ́ni, kí ó ní sùúrù díẹ̀.

Ẹni tí kò gbọ́ èdè Wales lè rò pé ariwo ẹnu lásán ni orúkọ òkè wọn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí àgbẹ̀ ilẹ̀ wa ti mọ ìyàtọ̀ láàrin òkè, àpáta, òkìtì àti gegele, bẹ́ẹ̀ ni àgbẹ̀ Wales ní ọ̀rọ̀ fún oríṣiríṣi ìrísí ilẹ̀. *Bryn* ni òkè lásán. *Mynydd* ni òkè ńlá, tàbí pápá orí òkè tí a kò ṣọgbà yíká, níbi tí àgùntàn ti ń jẹko. *Crug* ni òkìtì. *Carnedd* ni òkìtì òkúta. *Craig* ni àpáta. Wọn a sì máa wo ilẹ̀ bí ẹni ń wo ara ènìyàn: *pen* ni orí, *cefn* ni ẹ̀yìn, *esgair* ni ojúgun, èyí tí í ṣe òkè tí ó nà gbọọrọ bí ẹsẹ̀ ẹni tí ó sùn sílẹ̀. *Moel* ni apárí, òkè tí kò ní igi lórí. Àwa náà kò ha ń sọ pé orí òkè, ẹ̀yìn òkè àti ẹsẹ̀ òkè bí?

Ohun kan wà nínú èdè náà tí ó ti kó ìdààmú bá ọ̀pọ̀ àlejò. Lẹ́tà àkọ́kọ́ ọ̀rọ̀ a máa yí padà nípa ti ọ̀rọ̀ tí ó ṣáájú rẹ̀. *Moel* ni a ń pè é bí ó bá dá dúró, ṣùgbọ́n bí a bá fi ọ̀rọ̀ kékeré *y* síwájú rẹ̀, yóò di *Y Foel*. *Ban*, tí í ṣe ṣóńṣó orí òkè, yóò di *Y Fan*. Lẹ́tà *f* yìí, ohùn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń fi *v* kọ ni wọ́n fi ń pè é. Nítorí náà nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì kan bá gbọ́ “Y Foel” lẹ́nu àgbẹ̀, *Voel* ni yóò kọ sínú ìwé rẹ̀. *Moel Famau* tí a máa ń túmọ̀ sí “Apárí Òkè Àwọn Ìyá” di *Moel Vamma*. *Pumlumon* di *Plynlimon*, títí tí ọ̀rọ̀ *pum*, tí í ṣe márùn-ún, fi sọnù kúrò nínú orúkọ tí a gbà pé ó ń sọ nípa orí òkè márùn-ún. Kí àwa Yorùbá má ṣe rẹ́rìn-ín sí èyí. Ẹni tí ó mọ̀ pé ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan náà mọ̀ pé ohun tí ó kéré lórí ìwé lè tóbi lẹ́nu. Ní ọdún 1875 ni àwọn alàgbà wa pé jọ ní Èkó láti fi ẹnu kò lórí bí a ó ti máa kọ èdè wa. Síbẹ̀, títí di òní, orúkọ Òṣogbo àti ti Ògbómọ̀ṣọ́ ń bẹ lórí àwòrán ilẹ̀ láìní àmì kankan, bí ẹni tí a bọ́ láṣọ.

Ẹni àkọ́kọ́ tí a fẹ́ fi ọlá fún nínú ìtàn yìí ni Edward Lhuyd, ọmọ Wales tí ó jẹ́ olùtọ́jú Ilé Ohun Àtijọ́ tí a ń pè ní Ashmolean ní Oxford. Ní ọdún 1696 ó tẹ ìwé ìbéèrè kan, ó sì fi ránṣẹ́ sí àwọn páríṣì káàkiri ilẹ̀ Wales. Ó béèrè orúkọ ibi, odò, òkúta àtijọ́ àti àṣà àwọn ènìyàn. Púpọ̀ nínú àwọn tí ó dá a lóhùn jẹ́ àlùfáà páríṣì, ìdáhùn wọn sì wúlò títí di òní fún ẹni tí ó bá ń wá bí a ti ń pe ibi kan ní ohun tí ó lé ní ọ̀ọ́dúnrún ọdún sẹ́yìn. Lhuyd gbọ́ èdè náà. Ó mọ ohun tí ó ń béèrè, ó sì mọ ẹni tí ó yẹ kí ó béèrè lọ́wọ́ rẹ̀.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìjọba wá sínú ọ̀ràn náà. Ní ọdún 1791 a dá Ordnance Survey sílẹ̀, ilé-iṣẹ́ tí í wọn ilẹ̀ fún ìjọba, nítorí ìbẹ̀rù ogun Faransé. Láti ìgbà náà ni àwọn awọnlẹ̀ ti ń gun òkè Britain lọ́kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ẹ̀wọ̀n àti ẹ̀rọ wọn. Iṣẹ́ wọn dára púpọ̀, a kò sì gbọdọ̀ fi ojú kékeré wò ó. Nígbà tí wọ́n bá dé ibi kan, wọn a kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé tí a ń pè ní Ìwé Orúkọ, wọn a sì wá ẹlẹ́rìí mẹ́ta tí yóò jẹ́rìí sí bí a ti ń kọ ọ́. Títí dé ibí ó dára. Ṣùgbọ́n ta ni ẹlẹ́rìí? Àṣẹ tí a fún àwọn òṣìṣẹ́ náà ni pé kí wọ́n gba ọ̀rọ̀ ẹni tí ó ni ilẹ̀, aṣojú rẹ̀, àlùfáà, olùkọ́ àti irú àwọn bẹ́ẹ̀. Ní ti àgbẹ̀ kékeré àti ẹni tí ń gbé ahéré, àṣẹ náà wí pé a kò lè gbẹ́kẹ̀ lé wọn, àní ní ti orúkọ ibi tí àwọn fúnra wọn ń gbé, pàápàá ní ti bí a ti ń kọ ọ́.

Ẹ jẹ́ kí a dúró lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ní Wales nígbà náà, ọ̀pọ̀ nínú àwọn onílẹ̀ ńlá ni kò gbọ́ èdè àwọn tí ń ro ilẹ̀ wọn. Àgbẹ̀ kékeré ńkọ́? Ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, Griffith Jones, àlùfáà ìjọ wa ní Llanddowror, dá àwọn ilé-ìwé sílẹ̀ tí ń ṣí láti páríṣì dé páríṣì. Olùkọ́ a dúró níbì kan fún nǹkan bí oṣù mẹ́ta, a kọ́ ọmọdé ní ọ̀sán àti àgbàlagbà ní alẹ́ láti ka Bíbélì àti Kátíkísímù ní èdè Wales, lẹ́yìn náà a lọ sí ibòmíràn. Nígbà tí Griffith Jones kú ní 1761, ẹgbẹẹgbẹ̀rún tálákà ni ó ti kọ́ ìwé kíkà lọ́nà yìí. Bíbélì tí wọ́n ń kà ni èyí tí Bíṣọ́ọ̀bù William Morgan túmọ̀ ní 1588, èyí tí a tún ṣe ní 1620, tí ó sì fi ìlànà lélẹ̀ fún èdè náà. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ inú ahéré mọ bí a ti ń kọ *moel* ju onílẹ̀ tí ó gba owó ọdún lọ́wọ́ rẹ̀ lọ. Ẹni tí ó mọ̀ ọ́n kọ ni a sọ pé kò mọ̀ ọ́n kọ.

Kí àwa àlùfáà má sì ṣe yọ̀ jù nítorí pé orúkọ wa wà láàrin àwọn ẹlẹ́rìí tí a gbẹ́kẹ̀ lé. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kejìdínlógún títí di ọdún 1870, nígbà tí a fi Joshua Hughes jẹ Bíṣọ́ọ̀bù St Asaph, àwọn tí a fi jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní Wales kì í ṣe àwọn tí èdè náà jẹ́ tiwọn. Ọ̀pọ̀ àlùfáà páríṣì gbọ́ ọ dáadáa, ṣùgbọ́n àwọn mìíràn wà tí kò lè wàásù fún agbo wọn ní èdè tí agbo náà fi ń gbàdúrà. Ní 1847, àwọn ọkùnrin mẹ́ta tí ìjọba rán láti yẹ ilé-ìwé Wales wò, tí ọ̀kankan nínú wọn kò gbọ́ èdè ibẹ̀, kọ ìwé tí ó fi èdè náà ṣe ẹ̀gàn níwájú gbogbo ayé, ẹ̀rí àwọn àlùfáà kan sì wà nínú ìwé náà. Àwọn ará Wales kò tíì gbàgbé rẹ̀.

Ṣé a lè padà wo Ìwé Orúkọ wọnnì kí a sì mọ ẹni tí a béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ní ibi kọ̀ọ̀kan? Ó ṣòro. Ní ọdún 1940, nígbà tí àwọn ará Jámánì ju bọ́ǹbù sí ìlú Southampton, ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú Ìwé Orúkọ ti England àti ti Wales jóná.

Nísinsìnyí a dé ọ̀dọ̀ àwọn tí ń ṣe àkójọ òkè. Ní ọdún 1891, Sir Hugh Munro tẹ àkójọ àwọn òkè Scotland tí ó ga ju 3,000 ẹsẹ̀ bàtà lọ, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì bẹ̀rẹ̀ sí gùn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń sàmì sí i bí ẹni ń ka ìlẹ̀kẹ̀. Àwọn òkè ńlá bẹ́ẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ yọ ènìyàn lẹ́nu ní ti orúkọ. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1992 Alan Dawson tẹ àkójọ mìíràn tí kò wo gíga òkè láti etí òkun rárá. Ohun tí ó béèrè ni èyí: bí ènìyàn bá fẹ́ ti orí òkè kan lọ sí orí èyí tí ó ga jù ú lọ, báwo ni yóò ti sọ̀kalẹ̀ tó kí ó tó tún bẹ̀rẹ̀ sí gòkè? Bí ó bá jẹ́ mítà 150, òkè náà wọ inú ìwé, ìbáà ga, ìbáà kúrú. Àwọn mìíràn tẹ̀lé e, wọ́n dín iye náà kù sí 100, lẹ́yìn náà sí 30. Nígbà tí ó di 30, iye òkè Britain tí ó wọ inú àkójọ ju 16,000 lọ. Ní Wales, àwọn ẹlòmíràn ṣe àkójọ tiwọn, wọ́n sì fi èdè Wales sọ àwọn ìwé náà lórúkọ: *Y Pedwarau* fún àwọn òkè tí ó lé ní mítà 400, *Y Trichant* fún àwọn tí ó lé ní 300.

Ìṣòro dé wàyí. Òkè tí ènìyàn lè gùn kí omi tó hó lórí iná, tí ó wà láàrin oko ẹnìkan, tí ọgbà àti màlúù wà lórí rẹ̀, àwòrán ilẹ̀ kì í sábà kọ orúkọ sí i. Nọ́ńbà gíga rẹ̀ nìkan ni a rí níbẹ̀, nígbà mìíràn a kò tilẹ̀ rí ìyẹn. Ṣùgbọ́n ìwé àkójọ fẹ́ orúkọ. Kí ni alákòójọ yóò ṣe?

Ohun tí àwọn kan ṣe ní ìbẹ̀rẹ̀ ni pé wọ́n wo orúkọ oko tí ó wà ní ẹsẹ̀ òkè náà lórí àwòrán ilẹ̀, wọ́n fi *Pen* tàbí *Bryn* tàbí *Moel* síwájú rẹ̀, wọ́n sì ní orúkọ òkè nìyẹn. Ẹ kíyè sí i pé èdè Wales ni wọ́n lò. Wọn kò sọ òkè náà lórúkọ Gẹ̀ẹ́sì. Wọn kò ṣe bí àwọn tí ó wo òkè kan lẹ́bàá Abergavenny tí wọ́n sọ ọ́ ní Sugar Loaf, “Ìṣù Ṣúgà,” nígbà tí Mynydd Pen-y-fâl jẹ́ orúkọ rẹ̀. Ọkàn rere ni wọ́n fi ṣe é. Síbẹ̀ a kò lè pe irú orúkọ bẹ́ẹ̀ ní òótọ́. Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Àwọn wọ̀nyí kò wo ilé, wọn kò sì mọ̀ bóyá ọmọ náà ti ní orúkọ tẹ́lẹ̀. Orúkọ tí a hun jọ nínú yàrá, ìbáà dún bí èdè Wales létí àlejò, kò ní baba. Ewu rẹ̀ sì pọ̀ ju ti orúkọ Gẹ̀ẹ́sì lọ, nítorí ẹni tí ó bá rí “Sugar Loaf” mọ̀ lójú kan pé àlejò ni, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá rí *Moel* kan tí a dá sílẹ̀ lánàá yóò rò pé láti ayébáyé ni. Ìwé kan yóò mú un láti inú òmíràn, yóò sì di ẹ̀rí. Ìdùnnú wa ni pé àwọn kan nínú àwọn tí ó ṣe bẹ́ẹ̀ ti fi gbangba kọ̀wé pé àwọn kò tún gba ọ̀nà náà mọ́.

Kí wá ni ọ̀nà tí ó tọ́? Èkínní ni pé kí a lọ kan ilẹ̀kùn. Kí a lọ sí ilé àgbẹ̀ tí ó ni ilẹ̀ náà, kí a kí i, kí a sì béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ohun tí baba rẹ̀ ń pe òkè tí ó wà lẹ́yìn ilé. Èyí ni ẹni náà gan-an tí àṣẹ àtijọ́ sọ pé kí a má gbẹ́kẹ̀ lé. Kì í ṣe ohun tí ó fi ìgbà gbogbo rọrùn. Àgbẹ̀ lè fèsì pé “y mynydd” ni àwọn ń pè é, èyí tí í ṣe “òkè,” kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Òótọ́ sì ni ó sọ, nítorí ẹni tí ó ní òkè kan ṣoṣo kò nílò láti fi orúkọ yà á sọ́tọ̀. Tàbí kí ó sọ pé *Y Foel* ni, àìmọye òkè mìíràn sì ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Tàbí kí ará ìhà ìlà-oòrùn pe òkè kan ní ọ̀kan, kí ará ìhà ìwọ̀-oòrùn pè é ní òmíràn, nítorí olúkúlùkù ń wo ìhà tirẹ̀. Ní irú ipò bẹ́ẹ̀, orúkọ méjèèjì ni kí a kọ sílẹ̀. Ta ni fi alákòójọ jẹ onídàájọ́ láàrin àwọn aládùúgbò?

Èkejì ni ìwé àtijọ́, àwa ìjọ sì ní ìpín níhìn-ín. Ẹ mọ̀ pé ìdámẹ́wàá jẹ́ ẹ̀tọ́ ìjọ ní England àti Wales láti ìgbà pípẹ́: ìtí ọkà kan nínú mẹ́wàá, ọ̀dọ́ àgùntàn kan nínú mẹ́wàá. Ní ọdún 1836 ni òfin jáde pé kí a sọ gbogbo rẹ̀ di owó. Láti mọ iye tí oko kọ̀ọ̀kan yóò san, a níláti wọn páríṣì kọ̀ọ̀kan. A ya àwòrán ilẹ̀, a fi nọ́ńbà sí oko kọ̀ọ̀kan lórí rẹ̀, a sì kọ ìwé kan tí ó tẹ̀lé àwòrán náà: nọ́ńbà báyìí, ẹni tí ó ni ín, ẹni tí ń ro ó, ohun tí a gbìn sí i tàbí bí ó bá jẹ́ pápá ẹran, bí ó ti fẹ̀ tó, iye owó rẹ̀, àti orúkọ rẹ̀ pẹ̀lú ní ibi púpọ̀. *Cae Mawr*, oko ńlá. *Cae'r Ffynnon*, oko ìsun omi. *Ffridd* báyìí báyìí, pápá ẹ̀gbẹ́ òkè. Àwọn tí ó kọ àwọn orúkọ wọ̀nyí kò ro ti òkè rárá. Owó ni wọ́n ń wá. Ṣùgbọ́n nítorí pé wọ́n fẹ́ owó, wọ́n wọ ibi tí awọnlẹ̀ ogun kò wọ̀, wọ́n sì kọ orúkọ tí kò sí nínú ìwé mìíràn láyé. A ti rí ohun rere mìíràn tí ó jáde láti inú àpò owó orí, láti ọjọ́ Késárì Ọ̀gọ́sítù wá.

Àwọn àwòrán ìdámẹ́wàá ti Wales lé ní 1,000. Wọ́n wà ní Ilé-Ìwé Ńlá ti orílẹ̀-èdè náà ní Aberystwyth, àti láàrin ọdún 2014 sí 2017 àwọn ènìyàn tí ó yọ̀ǹda ara wọn ràn án lọ́wọ́ láti da ohun tí ó wà nínú wọn kọ sórí kọ̀ǹpútà, tí ó fi jẹ́ pé ẹnikẹ́ni lè kà wọ́n ní ilé rẹ̀. Alákòójọ òkè yóò wo ibi tí ṣóńṣó òkè rẹ̀ wà, yóò wá nọ́ńbà oko náà, yóò sì ka orúkọ tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà náà. Bí orúkọ náà bá jẹ́ ti *moel* tàbí ti *bryn*, ayọ̀ rẹ̀ kún. Bí ó bá jẹ́ *cae*, kí ó ṣọ́ra: orúkọ oko kì í fi ìgbà gbogbo jẹ́ orúkọ òkè.

Bí a bá sì ti rí orúkọ tán, ó kù bí a ó ti kọ ọ́. Ní ọdún 1928 ni àwọn ọ̀mọ̀wé Wales tẹ ìlànà bí a ti ń kọ èdè náà, ní 1957 sì ni Ilé-Ìtẹ̀wé Yunifásítì Wales gbé ìwé orúkọ ibi jáde láti ọwọ́ Elwyn Davies. Ìlànà kan wà tí àlejò kì í mọ̀: bí orúkọ bá jẹ́ ti ìlú tàbí ilé tí ènìyàn ń gbé, a máa so ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ pọ̀ tàbí kí a fi ìlà kékeré sí àárín wọn, gẹ́gẹ́ bí Pen-y-groes, ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ti òkè tàbí odò, a kọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, gẹ́gẹ́ bí Pen y Fan, òkè tí ó ga jù ní gúúsù Wales, mítà 886. Ẹni tí ó bá mọ èyí lè fi ojú kan mọ̀ bóyá ilé ni tàbí òkè. Ṣùgbọ́n kí ìlànà má ṣe pa ẹnu ará ibẹ̀ mọ́. *Cadair* ni ìwé fẹ́. *Cader* ni àwọn tí ń gbé ẹsẹ̀ òkè Idris ń pè é, a sì ń rí méjèèjì nínú ìwé títẹ̀. Lójú tiwa, ẹni tí ń gbọ́ ohùn òkè náà lójoojúmọ́ kò ṣẹ̀ sí ẹnikẹ́ni bí ó bá ń pè é bí ìyá rẹ̀ ti ń pè é.

Ọ̀ràn kan tún wà tí a kò lè fò kọjá, nítorí ó kan ọkàn. Ní oṣù June 1282 ni a bí Gwenllian, ọmọ kan ṣoṣo Llywelyn ap Gruffudd tí í ṣe Ọmọ-Aládé Wales. Ìyá rẹ̀ kú nígbà ìbí rẹ̀. Ní oṣù December ọdún kan náà a pa baba rẹ̀ lógun. Ọba Edward Kìíní kò fẹ́ kí ọmọ náà dàgbà láàrin àwọn ènìyàn rẹ̀, kí ó má baà bí àrólé fún wọn. Ó sì fi í sí ilé àwọn obìnrin olùfọkànsìn ní Sempringham ní England láti ọmọ-ọwọ́. Níbẹ̀ ni ó wà títí ó fi kú ní 1337, ẹni ọdún 54. Láti kékeré ni ó ti jìnnà sí àwọn tí ń sọ èdè baba rẹ̀. Ní ìhà àríwá Wales, òkè ńlá kan ń jẹ́ Carnedd Llywelyn, òmíràn sì ń jẹ́ Carnedd Dafydd. Nítòsí wọn ni òkè kan wà tí ń jẹ́ Carnedd Uchaf, “Òkìtì Òkúta Tí Ó Wà Lókè.” Ní oṣù September 2009, lẹ́yìn ẹ̀bẹ̀ àwọn tí ń ṣe ìrántí ọmọbìnrin náà, a sọ òkè yìí ní Carnedd Gwenllian, orúkọ náà sì wọ inú àwòrán ilẹ̀ ìjọba.

Ta ni yóò dá wọn lẹ́bi? Ọmọ tí a gbà lọ́wọ́ èdè rẹ̀ ni a dá padà sínú rẹ̀. Síbẹ̀ àwọn ará Wales mìíràn, tí wọ́n fẹ́ràn Gwenllian pẹ̀lú, kùn sí i, wọ́n ní orúkọ tí àwọn darandaran fi lé òkè náà lórí kì í ṣe ohun tí ó yẹ kí a gbà láti fi dá ẹlòmíràn lọ́lá. Àwa gbà pẹ̀lú wọn jù, ṣùgbọ́n a yọ̀ pé àwòrán ilẹ̀ kò pa orúkọ àtijọ́ náà rẹ́; ó kọ méjèèjì.

Àwọn kan yóò sọ pé gíga òkè ni iṣẹ́ awọnlẹ̀, pé ọ̀rọ̀ orúkọ kò ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀. Ẹ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọdún 2008. Àwọn ọkùnrin mẹ́ta gbé ẹ̀rọ tí ń gba àmì láti ọ̀dọ̀ sátẹ́láìtì gun Mynydd Graig Goch, “Òkè Àpáta Pupa,” tí àwòrán ilẹ̀ sọ pé mítà 609 ni. Wọ́n rí i pé mítà 609.75 ni, èyí tí ó fi sẹ̀ǹtímítà 15 péré ju 2,000 ẹsẹ̀ bàtà lọ, òkè náà sì wọ inú àkójọ àwọn òkè ńlá. Ní 2010 wọ́n wọn Glyder Fawr, wọ́n rí i pé kì í ṣe 999 bí a ti ń kọ ọ́, bí kò ṣe mítà 1,000.8. Àṣìṣe inú gíga, ẹ̀rọ tí ó dára jù yóò tún un ṣe ní ọjọ́ kan, nítorí òkè náà kò lọ síbì kankan. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ wo ni yóò wọn orúkọ tí ó wà ní ẹnu arúgbó kan ṣoṣo lẹ́yìn tí a bá ti sin ín? Ní 1911, àwọn tí ń sọ èdè Wales ní ilẹ̀ náà jẹ́ 977,000, nǹkan bí 43 nínú ọgọ́rùn-ún. Ní ìkànìyàn ọdún 2021 wọ́n jẹ́ 538,000, nǹkan bí 18 nínú ọgọ́rùn-ún. Bí a bá ta oko kan fún àlejò tí kò gbọ́ èdè náà, orúkọ gbogbo pápá àti òkè rẹ̀ lè lọ pẹ̀lú ẹrù ẹni tí ó kó jáde.

Ìjọba Wales kò sùn. Òfin ọdún 2011 fi èdè náà sí ipò èdè ìjọba. Òfin mìíràn, ti 2016, pàṣẹ pé kí a ní ìwé orúkọ ibi àtijọ́, a sì ṣí i ní 2017 pẹ̀lú orúkọ tí ó tó nǹkan bí 350,000. Ṣùgbọ́n kí àwọn aláṣẹ rò ó ni òfin náà béèrè, kò ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe yí orúkọ ilé tàbí oko rẹ̀ padà. Ní oṣù November 2022, àwọn aláṣẹ pápá orílẹ̀-èdè tí Snowdon wà nínú rẹ̀ pinnu láti máa pe òkè náà ní Yr Wyddfa, kí wọ́n sì máa pe gbogbo ilẹ̀ náà ní Eryri. Ní oṣù April 2023 àwọn ti gúúsù ṣe bákan náà, wọ́n fi Brecon Beacons sílẹ̀, wọ́n mú Bannau Brycheiniog. Àwọn ìwé ìròyìn kọ ọ́ káàkiri, àwọn kan yọ̀, àwọn kan bínú.

Fún òkè kékeré tí ó wà lẹ́yìn oko, kò sí ìgbìmọ̀ tí yóò dìbò. Ẹnìkan péré ni yóò lọ kan ilẹ̀kùn, tàbí kí ó má lọ. Àwọn tí ń ṣe àkójọ náà dáradára ti bẹ̀rẹ̀ sí kọ ọ̀nà tí orúkọ kọ̀ọ̀kan gbà wá sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: èyí láti ẹnu àgbẹ̀, èyí láti inú ìwé ìdámẹ́wàá, èyí láti orí àwòrán ilẹ̀ àtijọ́. Níbi tí wọ́n bá sì ti béèrè títí, tí wọ́n wá inú ìwé títí, tí wọn kò rí ohunkóhun, wọn kì í dá orúkọ sílẹ̀ mọ́. Wọn a kọ “Pt.,” èyí tí í ṣe ibi kan lórí ilẹ̀, wọn a fi gíga rẹ̀ ní mítà tẹ̀lé e, wọn a sì lọ sí orí òkè tí ó kàn.